Ta Ló Bọ́ Aṣọ Lára Ère?



Bí ẹ bá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì ráyè, ẹ yà sí Victoria and Albert Museum ní South Kensington. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ béèrè yàrá tí wọ́n kó ẹ̀dà àwọn ère ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù sí. Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ láàárín ọdún 1501 sí 1504 wà níbẹ̀. Ojúlówó rẹ̀, tó jẹ́ òkúta mábù, wà ní ìlú Florence ní Ítálì. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fi POP ṣe. Ó ga ju mítà 5 lọ. Ìhòòhò goloto ló dúró, kò fi ohunkóhun pamọ́. Bí ẹ bá wá yí sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí àpótí gíláàsì kan. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ kan ló wà nínú rẹ̀, POP ni wọ́n fi ṣe òun náà.

Ìtàn ewé yẹn rèé. Ní ọdún 1857, ọba tó ń jẹ ní agbègbè Tuscany fi ẹ̀dà ère Dáfídì yìí ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ọbabìnrin kò gbé e sílé, ó ní kí wọ́n gbé e fún mùsíọ́mù. Wọ́n ní nígbà tó kọ́kọ́ fojú kan ìhòòhò ọ̀hún, ojú tì í gan-an, ni wọ́n bá yára ṣe ewé tó ṣe wẹ́kú. Wọ́n fi ìkọ́ méjì sára ère náà. Bí ará ààfin bá ń bọ̀ wá wo mùsíọ́mù, wọ́n á gbé ewé kọ́ ọ. Ní òde òní, wọn ò gbé e kọ́ mọ́. Ewé náà ti di ohun àfihàn fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí ẹ̀rín bá tán, ìbéèrè kan kù nílẹ̀. Ère kan náà ni o. Lójú akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì í láti kọ́ iṣẹ́ ọnà, kò nílò ewé. Lójú ọbabìnrin, ó nílò ewé. Òkúta ò yí padà, POP ò yí padà. Ojú tó ń bọ̀ wá wò ó ló yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá lọ wo àfihàn iṣẹ́ ọnà tó dá lórí ìhòòhò ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ mú ìbéèrè mẹ́ta dání: Ta ló bọ́ aṣọ lára ẹni yìí? Ojú ta ni wọ́n bọ́ ọ fún? Ta ló lágbára láti wọ aṣọ fún un padà? Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè mẹ́ta yìí rìn díẹ̀ nínú ìtàn, títí a ó fi délé ara wa.

Bí òyìnbó ṣe ń bọ́ aṣọ, tí wọ́n tún ń wọ̀ ọ́

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìkì, ìhòòhò ni àwọn ọkùnrin máa ń wà bí wọ́n bá ń sáré ìje tàbí tí wọ́n ń jìjàkadì níbi eré Òlíḿpíìkì. Ìhòòhò ọkùnrin kò jẹ́ ìtìjú fún wọn. Àmì agbára àti ìdàgbàsókè ara ni wọ́n kà á sí. Ti obìnrin yàtọ̀. Aṣọ ni wọ́n máa ń gbẹ́ mọ́ ère obìnrin lára, títí di ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí Praxiteles gbẹ́ Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́ wọn, ní ìhòòhò. Pliny, ará Róòmù tó kọ ìtàn sílẹ̀, sọ pé ère méjì ni Praxiteles gbẹ́, ọ̀kan wọṣọ, ọ̀kan kò wọṣọ. Àwọn ará Kos ló kọ́kọ́ yàn, wọ́n mú èyí tó wọṣọ, wọ́n ní òun ló bójú mu. Àwọn ará Knidos ra èyí tó kù. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀nà jíjìn wá wo ti Knidos. Ọba kan tiẹ̀ ní òun yóò san gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn ìlú náà bí wọ́n bá lè tà á fún òun. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ò rí i pé láti ìgbà yẹn ni ìhòòhò ti ń pa owó!

Nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni gba ilẹ̀ Yúróòpù kan, ìtumọ̀ ìhòòhò yí padà. Ádámù àti Éfà ló wá di ìhòòhò tí gbogbo ayé mọ̀, ewé ọ̀pọ̀tọ́ sì ni aṣọ àkọ́kọ́ tí ìtìjú rán. Síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà kò ṣíwọ́. Michelangelo kan náà parí àwòrán Ọjọ́ Ìdájọ́ ní ọdún 1541 sí ara ògiri ilé ìjọsìn Sistine ní Vatican. Ìhòòhò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀, àti ẹni mímọ́ àti ẹlẹ́ṣẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ní 1564, ọdún tí Michelangelo kú, àwọn alákòóso ìjọ pàṣẹ pé kí wọ́n bo ibi tó yẹ ní bíbò. Daniele da Volterra, tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Michelangelo, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó fi ọ̀dà kun aṣọ sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn bá sọ ọ́ lórúkọ yẹ̀yẹ́: Aránṣòkòtò. Ọmọkùnrin náà ya ọ̀pọ̀ àwòrán tirẹ̀ tó dára, ṣùgbọ́n orúkọ ṣòkòtò ló bá a lọ sí sàréè.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí, ẹni tó wà nínú àwòrán kò lóhùn. Wọ́n bọ́ ọ láṣọ, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹni tó ń wò àti ẹni tí wọ́n ń wò

Ní ọdún 1768, wọ́n dá Royal Academy sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin méjì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Angelica Kauffman àti Mary Moser. Láàárín 1771 sí 1772, Johan Zoffany ya àwòrán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà níbi tí wọ́n ti pé jọ yí ọkùnrin kan tó wà ní ìhòòhò ká, tí wọ́n fẹ́ ya ara rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Níbo ni àwọn obìnrin méjèèjì wà? Ara ògiri! Wọ́n ya ojú wọn bíi fọ́tò tí a gbé kọ́, torí pé kò bójú mu kí obìnrin wà nínú yàrá tí ọkùnrin ti bọ́ra sílẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn ò lè jókòó nínú rẹ̀.

Ìṣòro náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ya ara èèyàn kò lè ya ìtàn Bíbélì, kò lè ya ogun, kò lè ya òrìṣà. Àwọn àwòrán wọ̀nyẹn ló sì ń mówó wọlé, àwọn ló ń gbé ayàwòrán ga. Ẹni tí o bá lé jáde nínú yàrá ìhòòhò, o ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní 1860, Laura Herford fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan sábẹ́ iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́. Wọ́n rò pé ọkùnrin ni, wọ́n gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ Royal Academy. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tó wọbẹ̀. Síbẹ̀, ó di ọdún 1893 kí wọ́n tó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láyè láti ya ara ọkùnrin láti ojú, ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ fi aṣọ di ìdí.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1914, Mary Richardson, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń jà kí wọ́n lè dìbò, gbé ọ̀bẹ ìgẹran wọ National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi ṣá àwòrán Venus tí Velázquez yà, obìnrin tó dùbúlẹ̀ ní ìhòòhò tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ní torí pé ìjọba ń fìyà jẹ Emmeline Pankhurst, aṣáájú wọn, ni òun ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún àwòrán náà ṣe, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ní 1989, ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rin lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Guerrilla Girls ní New York lọ ka iṣẹ́ tó wà ní Metropolitan Museum. Wọ́n ní nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde òní, obìnrin kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ nínú àwọn ìhòòhò tó wà níbẹ̀, ìdá 85 ló jẹ́ obìnrin. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tó rọrùn jù fún obìnrin láti wọ mùsíọ́mù ni kó bọ́ra sílẹ̀.

Orúkọ kan náà, ara méjì

Bí Velázquez ti ní Venus, Lọ́ńdọ̀nù náà ní Venus kan tí kì í ṣe àwòrán. Sarah Baartman lorúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, ọmọ Khoikhoi láti gúúsù Áfíríkà. Ní 1810, wọ́n gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Piccadilly, àwọn èèyàn ń sanwó láti wá wo bí ìdí rẹ̀ ṣe tóbi. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara, tó jọ àwọ̀ rẹ̀, ni wọ́n wọ̀ fún un, kó lè jọ ẹni tó wà ní ìhòòhò. Wọ́n pè é ní Venus, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n àfihàn náà kò dúró. Láti ibẹ̀ ó dé Paris. Ó kú níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1815.

Ikú pàápàá kò wọ̀ ọ́ láṣọ. Georges Cuvier, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, la òkú rẹ̀, ó tọ́jú egungun rẹ̀, ó kó ọpọlọ àti ojú ara rẹ̀ sínú ìgò. Wọ́n ń fi wọ́n han àwọn èèyàn nínú mùsíọ́mù ní Paris títí di àwọn ọdún 1970. Nígbà tí Nelson Mandela di ààrẹ ní 1994, ó béèrè pé kí wọ́n dá obìnrin náà padà. Ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2002 ni wọ́n sin ín sí Hankey ní ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè kẹta wa nìyẹn: àwọn ará ilé rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ láṣọ padà, ó sì tó nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò nílé.

Ẹ ó rí i pé nígbà tí ọ̀mọ̀wé Kenneth Clark kọ ìwé rẹ̀ The Nude ní 1956, tó ní ìhòòhò ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀kan tí ojú ń ti ẹni tó wà nínú rẹ̀, èkejì tí ọnà ti sọ di ẹwà, kò sọ fún wa ta ló ń pín in. Venus ti Velázquez bọ́ sí apá ẹwà. Sarah bọ́ sí apá kejì. Àwọ̀ ara wọn nìkan kọ́ ló fa ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ère tiwa

Ẹ jẹ́ ká délé wàyí. Nínú British Museum, nínú Fowler Museum ní Los Angeles, nínú ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ńlá àti kékeré káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ère ìbejì wa wà nínú gíláàsì. Ẹ mọ̀ wọ́n: igi gbígbẹ́ tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, orí ńlá, irun dídì tó ga, ilà lójú, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ìhòòhò. Ọmú yọ, ojú ara hàn. Àlejò tó bá dé ibẹ̀ lè rò pé bí Yorùbá ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ère náà wà fún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí Ifá bá sì sọ bẹ́ẹ̀, àwọn òbí á lọ bá agbẹ́gilére kó gbẹ́ ère ẹni tó lọ. Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ọmọ ọwọ́. Ara àgbàlagbà ló máa ń gbẹ́, kódà kó jẹ́ pé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ló kú. Ara tí ọmọ náà ìbá ní bó bá dàgbà ni wọ́n fún un. Ìyá á gba ère, á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á fi aró tàbí búlúù sí irun rẹ̀, á máa bu ẹ̀wà fún un. Bó bá fún ẹni tó kù lóyàn, á rántí ẹni tó lọ. Ó sì ń wọ aṣọ fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí àti ọrùn, ẹ̀gbà wà lọ́wọ́. Àwọn ìbejì kan wọ ẹ̀wù tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára, òmíràn wọ ẹ̀wù ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ wo ojú àwọn tó ti pẹ́ dáadáa. Imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ilà ojú ti ṣá. Ọwọ́ ìyá ló wẹ̀ ẹ́ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Omi àti osùn, láràárọ̀, fún ọdún púpọ̀. Kò sí agbẹ́gilére tó lè fi ọ̀bẹ ṣe irú ìyẹn.

Nítorí náà, ara ère ìbejì jẹ́ ara tí wọ́n gbẹ́ kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ láṣọ. Agbẹ́gilére ṣe ìdajì, ìyá ń ṣe ìdajì tó kù lójoojúmọ́. Ẹni tó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kó tó tà á, tàbí tó ra á láìbéèrè ẹ̀wù, ló fi í sí ìhòòhò. Nígbà tó wà nílé, ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù. Ẹdan Ògbóni, idẹ méjì, akọ àti abo, tí ẹ̀wọ̀n so orí wọn pọ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń wà ní ìhòòhò, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, torí pé níwájú Ilẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ohun tó lè fi pamọ́. Obìnrin tó kúnlẹ̀ lábẹ́ agere Ifá, tó dá ọmú rẹ̀ mú: ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni. Ẹni tó bá fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́, tí o kò bá gbọ́, ọ̀ràn ti dé. Ẹ tún wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tó wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Ọba jókòó, aya rẹ̀ àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọmú rẹ̀ yọ síta, ó sì ga ju ọba lọ fíìfíì. Kì í ṣe obìnrin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí ọkùnrin lè wò ó. Òun ló gbé ọba ró.

Ìhòòhò àwọn ìyá wa sì lágbára lójú ayé náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, nígbà tí wọ́n tún ìbò gómìnà dì ní Èkìtì, àwọn obìnrin, tó fi mọ́ àwọn ìyá arúgbó, bọ́ aṣọ òkè ara wọn, wọ́n jáde sí títì láti fẹ̀hónú hàn. Ẹnikẹ́ni tó jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyá tó bọ́ra sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rán ẹ létí ibi tí o gbà wáyé, o ò sì ní fẹ́ kó sọ gbólóhùn kejì. Ẹ fi wé ìbéèrè wa: ta ló bọ́ aṣọ? Òun fúnra rẹ̀ ni. Nǹkan yí padà pátápátá.

Aṣọ wa ti wà kí wọ́n tó dé

Ìtàn kan wà tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ìwé, pé ìhòòhò la wà kí àwọn míṣọ́nnárì tó wá fi aṣọ bò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ yín. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840 ni aṣọ híhun ti jẹ́ òwò ńlá ní ilẹ̀ wa. Aṣọ Ìjẹ̀bú wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń rà létí òkun wa, tí wọ́n ń kó lọ tà ní Brazil. Ní Bahia títí di òní, aṣọ híhun tí àwọn ìyá Candomblé ń ró tàbí tí wọ́n ń gbé lé èjìká ni wọ́n ń pè ní pano da costa, aṣọ tó wá láti etí òkun tiwa, wọ́n sì tún ń pè é ní alaká. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n bọ́ láṣọ nínú ọkọ̀, ló hun aṣọ náà padà lókè òkun.

Ènìyàn tó bá sọ pé ènìyàn laṣọ òun kò lè kà sí ẹni tí kò mọyì aṣọ. Ohun tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá ni ìtumọ̀ tuntun fún ara. Ère tí ìyá ń wẹ̀ di òrìṣà tó yẹ ká sun níná. Wọ́n sun àwọn kan, wọ́n ta àwọn kan, wọ́n fi àwọn kan ránṣẹ́ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iṣẹ́ ìhìnrere. Ohun tí baba wa tì jáde nílé pẹ̀lú ìtìjú ni ọmọ-ọmọ wọn ń wọ mẹ́tírò lọ wò ní mùsíọ́mù.

Nínú ayé tuntun yẹn ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ti di ayàwòrán. Láti 1920 sí 1922 ó kàwé ní St John's Wood School of Art ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún lọ sí Académie Julian ní Paris. Ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, yíya ara èèyàn ní ìhòòhò láti ojú ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n ni àwòrán àwọn ọlọ́lá Èkó pẹ̀lú aṣọ tó gún régé, bíi Ìyáàfin Spencer Savage tó yà ní 1906 àti Dókítà Sapara tó yà ní 1920. Mi ò rí i bí ojo. Ní ayé tí òyìnbó ti ń fi ìhòòhò wa ṣe ẹ̀rí pé a ò lajú, tí wọ́n tún ní ọmọ Áfíríkà kò lè ya àwòrán, ọkùnrin yìí fi ìkọ̀wé-ọ̀dà wọ àwọn èèyàn rẹ̀ láṣọ. Ìdáhùn tirẹ̀ nìyẹn.

Rótìmí

Ìdáhùn mìíràn wá lẹ́yìn náà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Rotimi Fani-Kayode, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1955, jẹ́ ọmọ olóṣèlú, ọmọ ìdílé Akíire ní Ifẹ̀. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, ìdílé rẹ̀ sá wá sí Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ní Georgetown àti Pratt, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1983, ó ń gbé ní Brixton. Ó wà lára àwọn tó dá Autograph sílẹ̀ ní 1988, ẹgbẹ́ àwọn ayàfọ́tò aláwọ̀ dúdú, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ìhòòhò ọkùnrin dúdú ló ń yà, pẹ̀lú ìbòjú, ìyẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn nǹkan òrìṣà. Nínú fọ́tò tó pè ní Bronze Head, ti 1987, ó gbé orí idẹ tó jọ ti Ifẹ̀ sábẹ́ ara ọkùnrin kan tí a ò rí ojú rẹ̀, bíi pé ara ọ̀hún ń bí i sáyé. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọmọ ọdún 34.

Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni Rótìmí, kò sì fi bò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlejò ni òun lọ́nà mẹ́ta: nínú ìfẹ́ tó wà lára òun, nínú ilẹ̀ àti àṣà tí òun ti jìnnà sí, àti nínú ìrètí àwọn òbí tó fẹ́ kí òun di ọ̀gbẹ́ni oníṣẹ́ gidi tó gbéyàwó. Ó tún sọ pé bí òun bá gbé iṣẹ́ òun lọ sí Èkó, ó ṣeé ṣe kí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á fẹ́ kí n fo ibí yìí. Mi ò ní fò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lókè òkun, èwo nínú àlejò mẹ́ta yẹn ni kò kan ilé yín? Bí kò bá kan ìwọ, ó lè kan ọmọ rẹ tó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Columbus ní Ohio. Àwọn ọmọ wa lè wọlé, kí wọ́n wo ara dúdú tí kò wà lórí àtẹ fún ẹ̀rín ẹnikẹ́ni, tí ẹni tó yà á àti ẹni tó jẹ́ kí wọ́n ya òun jọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo fi èyí wé Piccadilly ti 1810, mo sì rí ọ̀nà tó jìn tí a ti rìn.

Kò pọn dandan kí gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò wọ̀nyẹn dùn mọ́ ẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ìbéèrè mẹ́ta wa ní ìdáhùn níbẹ̀, àwọn èèyàn wa ló sì dáhùn.

Bí ẹ bá mú ọmọ dání

Ẹ mú àwọn ọmọ lọ. Ẹ má dà wọ́n lójú bò níwájú Dáfídì, ẹ má sì sáré kọjá níwájú ère ìbejì bíi pé wọ́n mú yín níbi tí ẹ ti ń jalè. Bí ọmọ bá béèrè pé kí ló dé tí ẹni yìí ò wọṣọ, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ló béèrè yẹn. Ẹ bi í padà: ta lo rò pé ó bọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kó wá ìdáhùn rẹ̀ lára ère, lára orúkọ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, lára ibi tí wọ́n ti gbé e wá.

Bẹ́ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ ìbejì, ẹ sọ fún un pé èyí ní ìyá. Ẹ sọ pé Táyé tàbí Kẹ́hìndé ló ń jẹ́, pé wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bu ẹ̀wà fún un, pé imú rẹ̀ tó pa rẹ́ yẹn, ọwọ́ ìyá ló pa á rẹ́. Ẹ lè bi àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé níbo ni aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wà. Nígbà mìíràn ó wà nínú àpótí nísàlẹ̀ ilé. Nígbà mìíràn kò sẹ́ni tó tíì béèrè rí.